Olúmọ ti ní ilé ọnà, àwọn aláró Ìtòkú ńkọ́?

Ṣáájú ọdún 2006, ẹsẹ̀ ni gbogbo àlejò fi ń gun Òkè Olúmọ, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn á sì dúró sísàlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà, nígbà ìjọba Ọ̀túnba Gbénga Dáníẹ́lì, wọ́n ṣí ọgbà ìgbafẹ́ náà lákọ̀tun ní Abẹ́òkúta: wọ́n ṣe lífítì sí i, wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ, wọ́n sì ya ilé sọ́tọ̀ fún àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Iṣẹ́ tó dára ni. Abẹ́ àpáta yìí, tó fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ, ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá ní 1830 nígbà tí ogun lé wọn nílé. Ihò tí wọ́n sá pamọ́ sí ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojúbọ.

Ṣùgbọ́n ọnà tó gbé orúkọ Abẹ́òkúta káàkiri ayé kò sí nínú ilé aláwo kankan. Ìsàlẹ̀ òkè ló wà, ní Ìtòkú, lọ́wọ́ àwọn ìyá aláró. Àwọn kan ń fi ìkò di aṣọ, àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ rán an. Àwọn ẹlẹ́kọ a máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sójú aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní í mú un tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe ẹni à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì ní kí wọ́n yé lo sódà àti aró òyìnbó, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní 1936. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá jà báyìí. Aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tó jọ àdìrẹ lójú, kún ọjà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ẹni tó fi ọjọ́ púpọ̀ di aṣọ kan.

Àlejò ò wọ́n ní Abẹ́òkúta ṣá o. Gbọ̀ngàn June 12 ní Kútọ̀ gba àwọn òǹkọ̀wé àjọ̀dún Aké láti 2013 títí di 2017, kí àjọ̀dún náà tó kó lọ sí Èkó ní 2018. Ilé ìkàwé Olóyè Ọbásanjọ́, tòun ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé inú rẹ̀, ṣí ní 2017. Àlejò á wò, á ya fọ́tò, á lọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń mú wọn gun Olúmọ máa mú wọn sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ìkòkò aró pẹ̀lú, kí owó lè dé ọwọ́ tó dúdú fún aró.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rà, kó yí aṣọ padà kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ràndọ̀n, ṣùgbọ́n aró a máa mu ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa.