Igi tó ń sunkún: kí nìdí tí wílò kò fi bá Àkúrẹ́ mu, èwo sì ni ká gbìn dípò rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà mí tipẹ́ mọ̀ pé n kì í sábà kọ nípa igi àti òdòdó. Ọ̀rọ̀ iná tí kò sí, ọ̀rọ̀ títì tó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ owó oṣù, ibẹ̀ lẹ ti máa ń bá mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń wọlé sórí fóònù mi lemọ́lemọ́: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti lè rí weeping willow rà ní Àkúrẹ́ tàbí Òǹdó?"

Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, àwọn kan ń tún iwájú ilé òbí wọn ṣe. Wọ́n ti rí igi náà nínú fíìmù: ó dúró létí omi, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ́ dé ilẹ̀ bí ẹni tó dorí kodò tó ń sunkún. Ó rẹwà lóòótọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan ti ń sanwó fún hóró rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbìn ín, wọ́n bomi rin ín, kò sí ohun tó hù. Torí owó yẹn ni mo ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí.

Wílò kì í ṣe ará Bábílónì

Salix babylonica ni àwọn onímọ̀ ń pe igi yìí. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló fún un lórúkọ náà ní ọdún 1753. Ẹni tó bá lọ sí Sunday school dáadáa á mọ ibi tó ti mú un: Orin Dáfídì 137, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n kó lẹ́rú ti jókòó létí odò Bábílónì, tí wọ́n gbé dùrù wọn kọ́ sórí igi. Bíbélì Yorùbá náà pe igi yẹn ní wílò.

Ṣùgbọ́n igi tí Linnaeus fún lórúkọ kò mọ Bábílónì rí. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí ni pé igi tí wọ́n rí létí odò Yúfírétì, irú igi mìíràn ni, èyí tí wọ́n ń pè ní poplar. Orúkọ ti mọ́ ọn lára kí wọ́n tó mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orúkọ igi á tún tàn wá jẹ níwájú.

Kí ló dé tí kò fi bá ilẹ̀ wa mu?

Àkọ́kọ́, òtútù. Ní ilẹ̀ tó ti wá, igi yìí máa ń wọ́wé nígbà òtútù, á sùn, á tún rú ewé nígbà tí ooru bá padà. Bí ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó le tó ní oṣù kìíní, kò jọ òtútù yẹn rárá. Oòrùn ń mú lọ́sàn-án, kò sì sí àkókò tí igi náà lè fi sùn.

Ìkejì, gbòǹgbò. Wílò fẹ́ràn omi ju bó ti yẹ lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ á wá omi dé ibikíbi, á wọ inú páìpù tó bá ti là, á wọ sókáwéè. Ní ìlú òkèèrè, ìtòsí odò tàbí inú ọgbà ńlá ni wọ́n ń gbìn ín sí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kànga, sókáwéè, fẹ́ǹsì àti ilé, gbogbo rẹ̀ ló há sínú plọ́ọ̀tì kan. Ẹ fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ìkẹta, hóró. Èyí ló kan àpò yín jù. Hóró wílò kéré, ó fúyẹ́, ó ní irun bí òwú tí atẹ́gùn fi ń gbé e lọ, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì gùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti kú tí kò bá kan ilẹ̀ tútù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀ka ni àwọn tó ń gbìn ín máa ń gé kí wọ́n tó kì í bọlẹ̀, bí a ṣe ń ṣe igi ẹ̀gẹ́. Hóró tó ti wà nínú àpòòwé fún oṣù mélòó kan, tó wọkọ̀ òfuurufú, tó tún sùn ní pápákọ̀, ẹ má retí wílò nínú rẹ̀. Yálà ó ti kú, tàbí nǹkan mìíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó irúgbìn tàbí ẹ̀ka igi wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i, ìyẹn NAQS. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ dá èèyàn lọ́wọ́ kọ́. Àrùn àti kòkòrò lè bá irúgbìn wọlé, kó sì wọ oko olóko.

Èyí tó ń sunkún ti wà nílẹ̀ wa

Ẹ rìn kọjá ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, ẹ wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ẹ̀kọ́ ní Òǹdó, ẹ ó rí igi kan tó ga fíofío, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wọ́ wálẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ewé rẹ̀ gùn, etí ewé náà sì ń ṣe bí ìgbì. Masquerade tree ni àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń pè é, ìyẹn igi eégún, nítorí ó dà bí ẹni tó wọ agọ̀ dúró. Àwọn mìíràn ń pè é ní police tree.

Orúkọ ìwé rẹ̀ ni Polyalthia longifolia. Àwọn onímọ̀ ti yí i padà sí Monoon longifolium báyìí, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ṣì pọ̀ lẹ́nu. Ilẹ̀ Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá. Igi rẹ̀ tọ́, ó sì ń tẹ̀ láìṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi ṣe òpó ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́. Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní ashoka, bẹ́ẹ̀ igi ọ̀tọ̀ ni ashoka gidi, Saraca asoca. Ẹ ò rí i bí orúkọ ṣe ń ṣe?

Ìdílé kan náà ni igi yìí àti ẹ̀ẹ̀rù tí àwọn ìyá wa ń fi sí àgbo, òun àti ṣáwásọ́pù náà. Àlejò ni, ṣùgbọ́n ó ní mọ̀lẹ́bí níbí. Ooru wa bá a lára mu, òjò wa náà tó o. Kì í wọ́wé tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà tútù ló máa ń wà lọ́dún yípo. Ewé rẹ̀ tuntun máa ń pọ́n bí bàbà kó tó di aláwọ̀ ewé. Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbìn ín sí ni ilẹ̀ àbàtà tí omi ń dúró sí. Níbẹ̀ yẹn, ó yàtọ̀ sí wílò pátápátá.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Ẹ kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀. Irú rẹ̀ méjì ló wà: ọ̀kan ń na ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti igi mìíràn, èkejì ló ń sọ ẹ̀ka kalẹ̀. Nígbà tí igi bá ṣì kéré nínú ọ̀rá, kò rọrùn láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi igi tó ti so ó hàn yín.

Tó bá jẹ́ hóró lẹ fẹ́ lò, ẹ ṣa èso tó ti dúdú tó sì ti já sílẹ̀ lábẹ́ igi. Àdán àti ẹyẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ tètè jí. Ẹ fọ ara èso náà kúrò, kí ẹ gbin hóró náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má tọ́jú rẹ̀. Inú ọ̀rá dúdú tó ní ihò nísàlẹ̀ ló dára jù, ní abẹ́ ìbòòji. Ó lè tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú, ẹ mú sùúrù.

Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni kí ẹ gbé e sí ilẹ̀, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Gbòǹgbò á ti rìn kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ọ̀rá, ṣùgbọ́n kí jíjìn rẹ̀ má ju gíga ọ̀rá lọ. Ní apá ibi tí àpáta ti sún mọ́ ilẹ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ lè ṣíwọ́ gbígbẹ́ kí ẹ wá ibòmíràn, nítorí igi tó dúró lórí àpáta kò ní dúró fún ìjì. Ẹ bọ́ ọ̀rá kúrò o! Mo ti rí èyí tí wọ́n gbìn tọ̀ràtọ̀rá, tí gbòǹgbò rẹ̀ ká mọ́ra bí okùn. Ẹ po ilẹ̀ òkè mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa. Ẹ̀yin ará Òǹdó tí èèpo kòkó ń ṣòfò lóko yín, ẹ jẹ́ kó jẹrà, ẹ lò ó. Oúnjẹ igi ni.

Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, garawa omi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti tó. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi, nítorí ikán. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú lábẹ́ ewé, kòkòrò ni. Omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa fi fọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é

Igi yìí lè ga ju mítà 10 lọ. Ó ga ju òpó iná àdúgbò lọ. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, ẹnì kan tò ó sí abẹ́ waya. Lọ́jọ́ tí ìjì òjò àkọ́kọ́ dé, ẹ̀ka fa waya, àdúgbò wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iná dé, wọ́n gé gbogbo wọn láàárín méjì. Èyí tó kù níbẹ̀ báyìí kò jọ eégún, kò jọ igi. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ wòkè kí ẹ tó gbẹ́ ihò.

Ẹ má gé orí rẹ̀. Tí wọ́n bá gé e, yóò yọ orí méjì mẹ́ta, yóò fẹ̀, ìrísí tí ẹ torí rẹ̀ rà á á sì bàjẹ́. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ náà, ẹ fi í sílẹ̀, aṣọ rẹ̀ ni. Èyí tó bá kú nìkan ni kí ẹ gé.

Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi dí ojú títì, ẹ jẹ́ kó tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láàárín igi kan sí èkejì. Àwọn tó ń da interlock, ẹ má dà á kan ìdí igi. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé.

Tó bá jẹ́ igi mìíràn ńkọ́?

Bottlebrush tó ń rọ̀, tó ti Australia wá, dára fún ọgbà kékeré, òdòdó rẹ̀ pupa bí búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ìgò. Ẹ ṣọ́ra fún Ficus benjamina, tí wọ́n ń pè ní weeping fig. Nínú ìkòkò, kò sí wàhálà. Nínú ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ lè gbé fẹ́ǹsì sókè. Tó bá sì jẹ́ ilẹ̀ àbàtà lẹ ní, igi ògùrọ̀ wa wà níbẹ̀, imọ̀ rẹ̀ ń wọ́ wálẹ̀, kò bẹ̀rù omi.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùtajà ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni orúkọ ìwé rẹ̀, níbo ni ìyá rẹ̀ wà, báwo ló ṣe máa ga tó? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ kọjá lọ bá ẹlòmíràn. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pọ̀, ẹ ó rí ẹni tó mọ ohun tó ń tà.