Kì í ṣe gbogbo ẹja pupa ni snapper: bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ agboolé ẹja yìí

Tí ẹ bá wọ ọjà ẹja, yálà ní Makoko tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹ máa rí i pé àwa Yorùbá kì í fi orúkọ ẹja ṣeré. Ṣáwá kì í ṣe kòtè, kòtè kì í ṣe pánlá. Ẹni tó bá lọ pe Títù ní ṣáwá, ìyá ẹlẹ́ja á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá kan snapper, ẹnu gbogbo wa máa ń wọlẹ̀ ni. Ẹja òkun tó bá ṣáà ti pupa, tó lójú ńlá, tówó ẹ̀ sì ga, "red snapper" la máa pè é.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Snapper kì í ṣe orúkọ àwọ̀, orúkọ agboolé ni. Kì í ṣe gbogbo ọmọ agboolé yẹn ló pupa, kì í sì ṣe gbogbo ẹja pupa inú òkun ló jẹ́ ọmọ agboolé yẹn. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀, torí pé owó yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìlera yín náà sì wà níbẹ̀.

Agboolé, ojúlé, ọmọ

Ẹ jẹ́ ká fi ilé tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Nínú agboolé kan, ojúlé máa ń pọ̀. Nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, ọmọ máa ń pọ̀. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń to ẹja náà nìyẹn. Agboolé snapper ni wọ́n ń pè ní Lutjanidae. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Theodore Gill ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1861. Irú ẹja tó wà nínú ẹ̀ lé ní 100. Ojúlé tó tóbi jù níbẹ̀ ni Lutjanus, tí irú ẹja inú ẹ̀ nìkan tó nǹkan bí 70.

Orúkọ Lutjanus yìí dàgbà ju orúkọ agboolé lọ. Marcus Bloch, dókítà kan nílùú Berlin ní Jámánì, ló lò ó nínú ìwé ẹ̀ ní 1790. Kò sì dá a rò látọkàn ara ẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Malay ló ń pe ẹja náà ní "ikan lutjang", ibẹ̀ ló ti mú un. Ẹ ò rí nǹkan: orúkọ táwọn èèyàn ń pe ẹja létí òkun tiwọn ló wá di orúkọ tí gbogbo yunifásítì ayé ń lò.

Ẹja kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ méjì. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ojúlé tó ti wá, ìkejì sì ni orúkọ tiẹ̀ gan-an. Ó dà bíi pé wọ́n pe orúkọ bàbá yín ṣáájú kí wọ́n tó pe tiyín, bí wọ́n ṣe máa ń pè é ní síkúùlù.

Kí wá ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń mọ ọmọ agboolé yìí? Wọ́n ń wo ẹnu, eyín, egungun àti lẹbẹ. Púpọ̀ nínú wọn ní eyín ṣóńṣó níwájú bíi ti ajá. Lẹbẹ ẹ̀yìn wọn gùn: apá iwájú ẹ̀ le bí ẹ̀gún, apá tó kù rọ̀. Tí ẹja náà bá pa ẹnu dé, egungun ètè òkè ẹ̀ máa ń yọ́ wọ abẹ́ egungun tó wà níwájú ojú ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ti dúrọ́ọ̀ pa. Àwọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé, torí àwọ̀ ẹja kan náà lè yí padà láti ìgbà tó wà lọ́mọdé títí ó fi dàgbà. Tó bá sì kú, àwọ̀ náà á tún ṣá.

Àwọn tó wà létíkun tiwa

Ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọmọ 5 ni ìwé kà mọ́ ojúlé Lutjanus: agennes, dentatus, endecacanthus, fulgens àti goreensis. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Achille Valenciennes, ló sọ fulgens àti goreensis lórúkọ ní 1830. Erékùṣù Gorée ní Senegal ni wọ́n fi sọ goreensis. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ṣì kéré nínú goreensis, ẹ wo abẹ́ ojú ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ìlà búlúù tó já síra wọn níbẹ̀.

Dentatus ní tiẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ ni. Tí wọ́n bá kó o sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja pupa kan tí kì í ṣe snapper rárá, ẹja pupa yẹn ni ọ̀pọ̀ wa máa nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé gan-an lẹ fi sílẹ̀ yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Poey àti ẹja tí kò dá a lójú

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ orúkọ ẹja ṣe le tó, ẹ bá mi dé Cuba. Felipe Poey jẹ́ onímọ̀ kan nílùú Havana. Ní 1860, ó kọ nípa ẹja méjì tí wọ́n wà nínú agboolé yìí. Ó pe ọ̀kan ní campechanus, torí Campeche ní Mẹ́síkò. Ẹja yìí ni red snapper tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà. Ní 1878, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Goode àti Bean, tún sọ ẹja kan náà yìí lórúkọ mìíràn, wọ́n fi orúkọ Eugene Blackford, oníṣòwò ẹja kan ní New York, pè é ní blackfordii. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló jẹ́ orúkọ. Ti Poey ló dúró.

Ìkejì ló dùn mọ́ mi jù. Poey pè é ní ambiguus, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dájú. Ẹja náà jọ tibí, ó jọ tọ̀hún. Ó tó ọdún 132 kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Ní 1992, William Loftus fi hàn pé kì í ṣe irú ẹja kan tó dá dúró rárá. Ọmọ tí ẹja méjì láti ojúlé méjì bí fúnra wọn ni: Lutjanus synagris lọ́tùn-ún, Ocyurus chrysurus lósì. Àwọn àgbà ní ọmọ tí ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Èyí jọ méjèèjì.

Ìbéèrè tuntun wá jáde: tí ará ojúlé méjì bá ń bímọ fúnra wọn nínú òkun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá sí i, ṣé lóòótọ́ ni ojúlé wọn yàtọ̀? Nígbà tí wọ́n yẹ DNA wọn wò, wọ́n rí i pé Ocyurus wà láàárín àwọn Lutjanus. Yàrá kan nínú ojúlé ńlá yẹn ni, àwa la rò pé ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀.

DNA tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹja kan wà ní òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì tí wọ́n ń pè ní fusilier. Wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, púpọ̀ nínú wọn ní àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, wọ́n máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n sì ń jẹ àwọn nǹkan wínníwínní tó léfòó nínú omi. Agboolé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà wọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ní 2007, Terrence Miller àti Thomas Cribb gbé ìwádìí DNA jáde tó fi hàn pé inú agboolé snapper ni wọ́n wà. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ló yí ìrísí wọn padà, ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà.

Ibi tí owó wà

Ẹ lè máa rò ó pé, "Kí ló kàn mí nínú ìjà àwọn oníwèé?" Ó kàn yín o.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ ti là á sílẹ̀: Lutjanus campechanus nìkan lẹ lè tà ní "red snapper". Ní 2004, Peter Marko àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi DNA yẹ ẹja tí wọ́n rà lábẹ́ orúkọ yẹn wò. Ìdá 77 nínú 100 ni kì í ṣe òun. Ní 2013, ẹgbẹ́ Oceana tún ṣe tiwọn káàkiri Amẹ́ríkà. Nínú 120 tí wọ́n rà ní red snapper, 7 péré ló jẹ́ òun lóòótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n ní Houston, tó wà nítòsí òkun tí ẹja yìí ti ń jáde, ẹ bá mi sọ fún wọn.

Èyí tó burú jù: Oceana rí i pé ní New York, wọ́n ń ta tilefish ní red snapper. Mẹ́kúrì máa ń pọ̀ lára tilefish, FDA sì ti kìlọ̀ kí aláboyún àtàwọn ọmọdé yẹra fún èyí tó wá láti Gulf of Mexico. Aláboyún tó ra "snapper" torí pé ó fẹ́ ṣe ara ẹ̀ lóore lè máa gbé májèlé lọ sílé.

Ẹja náà ń jìyà ẹ̀ pẹ̀lú. Red snapper lè lo ju 50 ọdún lọ láyé. Òkúta kékeré kan wà nínú etí ẹ̀ tó ní ìlà lọ́dọọdún, òun ni wọ́n máa ń kà. Ẹja tó ń pẹ́ báyìí kì í tètè padà bọ̀ sípò tí wọ́n bá ti pa á jù. Ṣùgbọ́n tí ẹja mìíràn bá ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ ní gbogbo ọjà, àwọn oníbàárà á rò pé ó ṣì pọ̀ yanturu nínú òkun.

Níbí ńkọ́? Nílé oúnjẹ kan ní Èkó, wọ́n gbé ègé ẹja funfun kan wá fún mi, kò lórí, kò láwọ. Mo bi ọmọ tó gbé e wá pé ẹja wo ni. Ó ní, "Snapper ni, sà." Mo ní, "Snapper wo?" Ó rẹ́rìn-ín: "Snapper náà ni, sà." Mi ò lè bá a jà. Nígbà tí wọ́n ti gé orí àti awọ dànù, DNA nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí.

Torí náà, ìmọ̀ràn tèmi ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ san owó snapper, ẹ ra odidi ẹja, pẹ̀lú orí àti ìpẹ́ ẹ̀. Ẹ la ẹnu ẹ̀, ẹ wo eyín ẹ̀. Ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja léèrè ibi tí wọ́n ti kó o wá, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye tó ń tà á nìkan. Ègé tí wọ́n ti ṣí lára, tí wọ́n sì ń pè ní snapper, ẹ san owó ègé ẹja fún un. Orúkọ ńlá lówó lórí, kò sì yẹ kẹ́ ẹ sanwó orúkọ tí ẹja inú abọ́ yín ò jẹ́.