Rashid Khan: Ọ̀dọ́mọkùnrin Tó Ń Yí Bọ́ọ̀lù Krikẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 ni wọ́n bí Rashid Khan ní ẹkùn Nangarhar, ní ìlà-oòrùn Afghanistan. Ogun lé àwọn ẹbí rẹ̀ kúrò nílé nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n sì forí lé Pakistan, níbi tí wọ́n ti lo ọdún mélòó kan kí wọ́n tó padà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ náà ni krikẹ́ẹ̀tì gbà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Afghanistan: ọ̀pọ̀ àwọn tó sá fógun ló kọ́ eré náà ní Pakistan, tí wọ́n sì gbé e bọ̀ wálé. Àwọn ẹ̀gbọ́n Rashid ń gbá a, òun náà sì bá wọn dá sí i. Àwọn tó ń wò bí àwòkọ́ṣe ni Shahid Afridi ti Pakistan àti Anil Kumble ti India, àwọn méjì tí bọ́ọ̀lù yíyí tiwọn máa ń yára ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ.

Nínú krikẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn a sì fi igi pẹlẹbẹ gbá a. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló dúró lóòró lẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ba àwọn igi yìí, tàbí tí ẹnì kan bá hán bọ́ọ̀lù tó gbá kó tó balẹ̀, eré ti parí fún un, ajubọ́ọ̀lù sì ti gba wíkẹ́ẹ̀tì kan. Ìjùsí mẹ́fà ló ń jẹ́ ófà kan.

Àwọn ajubọ́ọ̀lù kan gbára lé eré sísá àti agbára, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù bí ẹni sọ òkò. Àwọn mìíràn ń yí i ni, kó lè yà nígbà tó bá ta lulẹ̀. Rashid wà lára àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù láti ọrùn ọwọ́, iṣẹ́ tó le jù nínú eré náà. Bí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá balẹ̀ níwájú ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, yóò yà láti ìhà ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde síta. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní gúgílì yóò ṣe bí ẹni ń lọ síta, yóò wá yà wọlé. Ọ̀pọ̀ ajubọ́ọ̀lù ni ọrùn ọwọ́ wọn máa ń tú wọn fó bí wọ́n bá fẹ́ ju gúgílì. Ti Rashid kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, apá rẹ̀ ń yí fìrì, bọ́ọ̀lù méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú ẹni tó ń wò ó. Àwọn tó mòye lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sábà máa ń ní sùúrù kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ kí wọ́n tó pinnu. Tirẹ̀ máa ń yára jù fún irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Afghanistan, níwájú Zimbabwe ní Bulawayo. Ọmọ ọdún 17 ni. Ní Ife Àgbáyé T20 ti ọdún 2016 ní India, wíkẹ́ẹ̀tì 11 ló gbà, Afghanistan sì na West Indies ní Nagpur, àwọn West Indies tó padà gba ife náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 5 lọ́wọ́ Ireland láàárín ófà 2, àmì 3 péré ni wọ́n sì rí gbà lára rẹ̀.

T20 ni ẹ̀yà krikẹ́ẹ̀tì tó kúrú, ó sì yẹ Rashid bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe é fún. Ófà 4 ni ajubọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lè jù níbẹ̀, ìyẹn ìjùsí 24, kò sì sí àyè fún ẹni tó ń gbá láti máa fi ẹ̀sọ̀ wádìí ọwọ́ àlejò. Ó gbọ́dọ̀ tètè gbá a. Àwọn ará India tètè rí èyí. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ikọ̀ Sunrisers Hyderabad san mílíọ̀nù 40 rúpìì, iye tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là, láti gbà á sínú IPL, ìdíje T20 ti India. Wíkẹ́ẹ̀tì 17 ló gbà ní sáà àkọ́kọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ní St Lucia, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 7 lọ́wọ́ West Indies, àmì 18 péré sì ni wọ́n rí lára rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ICC, àjọ tó ń ṣàkóso krikẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, fún Afghanistan àti Ireland ní ẹ̀tọ́ láti máa gbá Tẹ́ẹ̀sì, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ó di ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí tó tíì ṣe ipò kìíní láàárín àwọn ajubọ́ọ̀lù eré ọlọ́jọ́ kan lágbàáyé. Ní oṣù Kẹta, nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún balógun ikọ̀, òun ni wọ́n fi dípò. Lóṣù yẹn kan náà ló pé wíkẹ́ẹ̀tì 100 nínú eré ọlọ́jọ́ kan, nínú eré 44 péré. Kò sí ẹni tó tíì yára bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Gbogbo èyí, eré kúkúrú ni. Tẹ́ẹ̀sì yàtọ̀. Kò sí òdiwọ̀n iye ófà tí ajubọ́ọ̀lù lè jù níbẹ̀, ẹni tó ń gbá sì lè dúró láti àárọ̀ di alẹ́, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Afghanistan gbá Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ wọn ní Bengaluru ní oṣù Kẹfà ọdún 2018. India gba àmì 474, wọ́n sì lé Afghanistan jáde lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, àmì 109 àti 103. Rashid ju ófà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 2, ó sì ṣòfò àmì 154. Ìwọ̀sí kọ́ o. Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù tó ń yí bọ́ọ̀lù ń rí ní kékeré nìyẹn, nítorí pé iṣẹ́ wọn kì í tètè gbó. Eré kúkúrú ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbàgbé pé ọmọ ọdún 19 ni.

Ó bọ́ sípò díẹ̀díẹ̀. Ní Dehradun, ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 5 nígbà tí Ireland gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kejì, Afghanistan sì borí nínú Tẹ́ẹ̀sì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní Ife Àgbáyé ọdún yẹn ní Manchester, Eoin Morgan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti England kò ṣàánú rẹ̀ rárá: ófà 9, àmì 110, kò sì sí wíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Lẹ́yìn ìdíje náà ni wọ́n fi í ṣe balógun ikọ̀. Nígbà tó kó wọn lọ gbá Tẹ́ẹ̀sì ní Chattogram ní Bangladesh, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ọmọ ogún ọdún àti ọjọ́ 350 ni, kò sì sí balógun Tẹ́ẹ̀sì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó fi igi gba àmì 51. Ó wá gba wíkẹ́ẹ̀tì 5 nígbà tí Bangladesh kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó sì tún gba 6 nígbà kejì. Lọ́jọ́ kárùn-ún, òjò gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Bangladesh lọ́wọ́ ìyà. Nígbà tí òjò dá, àkókò tó kù kò tó nǹkan. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú ni bọ́ọ̀lù Rashid mú Soumya Sarkar, tí ẹni tó dúró nítòsí sì hán an. Afghanistan fi àmì 224 borí.