Kí Ló Ń Gbé Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù Gòkè?

Láti Ayétòrò ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú ní Ìbàdàn, omi ló wà níwájú mi. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí mo yá ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ń bù wọ́n sókè bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀. Mẹ́ta yí gbirigbiri wọnú omi.

Ọ̀rẹ́ mi fi fóònù ya fídíò mi ní slow motion, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Mo ti fẹ̀yìn sẹ́yìn jù, ọ̀pá sì ti ń gòkè bọ̀ kí ó tó kan bọ́ọ̀lù. Etí rẹ̀ ló gbá a láàárín.

Ẹni tó bá ti roko rí yóò tètè lóye èyí. Bí a bá ṣe di ọkọ́ mú ni ẹnu rẹ̀ ṣe ń wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Wọ́n ti ṣe ojú rẹ̀ kó dà sẹ́yìn: ti dráífà tó bíi dígírì 10, ti 7-iron bíi 30 sí 34, ti sand wedge bíi 56. Ojú ọ̀pá yẹn ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, kì í ṣe pé kí ẹ fi ọwọ́ bù ú.

Bí ọwọ́ bá ṣíwájú bọ́ọ̀lù, ojú ọ̀pá á nàró díẹ̀, bọ́ọ̀lù á fò nílẹ̀-nílẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí ọwọ́ bá kù sẹ́yìn, á ga, ṣùgbọ́n kò ní lọ jìnnà. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lórí koríko, ẹ gbá a nígbà tí ọ̀pá ṣì ń sọ̀ kalẹ̀: bọ́ọ̀lù lákọ̀ọ́kọ́, koríko lẹ́yìn. Ti dráífà nìkan ló yàtọ̀. Orí èèkàn kékeré ni bọ́ọ̀lù máa ń wà, nítorí náà ọ̀pá lè máa gòkè díẹ̀.

Gbígbá yẹn tún ń mú kí bọ́ọ̀lù máa yí sẹ́yìn lójú òfuurufú. Yíyí náà ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ti bọ́ọ̀lù sókè. Nígbà tí Alan Shepard gbá gọ́ọ̀fù nínú òṣùpá lọ́dún 1971, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀. 

Bọ́ọ̀lù mi ìkẹrin ńkọ́? Mo fi ọwọ́ ṣíwájú, mo gbá a sísàlẹ̀. Ó fò ré omi kọjá.

Kí ẹ tó náwó sí ọ̀pá tuntun, ẹ kọ́kọ́ ya fídíò ara yín láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo ibi tí ọwọ́ yín wà. Ó dìgbà kan ná!