Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Òfin ìwà tí Gowon fún àwọn ọmọ ogun

Ní oṣù Keje ọdún 1967, bí ogun Biafra ṣe bẹ̀rẹ̀, Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, fún àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní òfin ìwà. Wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ aboyún àti ọmọdé, wọn ò gbọdọ̀ ba ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí jẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ piyẹ́. Ọmọ ogun Biafra tó bá juwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gba ìbọn rẹ̀, kí wọ́n má pa á.

Òfin dáadáa ni, àbí? Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kò tíì parí tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú Asaba tí kò gbé ìbọn, àwọn tó fi ijó àti orin jáde wá kí wọn káàbọ̀.

Lọ́dún 1968, wọ́n yìnbọn pa ọ̀gá ológun ìjọba àpapọ̀ kan tó pa ẹni tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n. Ti Asaba ńkọ́? Kò sí ọ̀gá kankan tó jẹjọ́ rẹ̀.