Igba Ojú Tí Ń Wo Ọmọ: Ipa Olùkọ́ Jẹ́-lé-ó-sinmi nínú Ìlera Ọpọlọ Ọmọ Ọwọ́ àti Ìdílé Tuntun

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ìlera ọpọlọ ọmọ ọwọ́ jẹ́, àti ìdí tí kò fi ṣeé yà kúrò lára ìlera ìyá ọmọ. A wo ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Iléṣà, Ìbàdàn, Uganda àti Gúúsù Áfíríkà, a sì fi wọ́n wo ipò àwọn ìdílé tuntun ní Zuba. Èrò wa ni pé olùkọ́ tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá láràárọ̀ wà lára àwọn tí ó lè tètè mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ìyá tàbí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí a ń fún un kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe. A dá àbá lórí bí a ṣe lè tún èyí ṣe.

Ìfáàrà

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ Yorùbá, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a fi ń kí i. Ìkíni náà bójú mu, nítorí ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n a ń kí i bí ẹni pé ewu ti kọjá lọ pátápátá. Òun náà á dáhùn pé, "A dúpẹ́." Kò sí àyè nínú ìdáhùn yẹn fún ìyá tí kò rí oorun sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tí ó ń wo ọmọ tuntun tí inú rẹ̀ kò sì dùn, tí ojú ń tì í láti sọ ọ́.

Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá wa kò mọ̀ pé ìbímọ lè da ọpọlọ láàmú. Wọ́n mọ̀ ọ́n, àbísínwín ni wọ́n pè é. Ẹni tí àbísínwín bá mú, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀, wọn yóò sì sáré wá ìtọ́jú. Èyí tí kì í pariwo ni ó ń ṣòro, ìyẹn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá náà ń dáná, ó ń fọṣọ, ó ń lọ sọ́jà. "Ó ń ronú" ni a ó wí, a ó sì kọjá lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi wá pé kí ni ti olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti dókítà yìí. Ìdáhùn wa ni pé Ìlànà Orílẹ̀-èdè lórí Ẹ̀kọ́ tí a tún ṣe ní ọdún 2013 fi ìtọ́jú ọmọ láti ìgbà ìbí títí dé ọdún 4 sínú ètò ẹ̀kọ́. Bí ọmọ ọwọ́ bá wà nínú ètò ẹ̀kọ́, ọkàn rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Kí ni ìlera ọpọlọ ọmọ ọwọ́?

Bí a bá dárúkọ ọpọlọ mọ́ ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn a rò pé wèrè ni a ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni bí ọmọ, láti ìgbà ìbí títí dé nǹkan bí ọdún 3, ṣe ń kọ́ láti fọkàn tán ẹni tí ń tọ́ ọ, láti fi ayọ̀ tàbí ìbẹ̀rù hàn, láti gbà kí a rẹ òun lẹ́kún, àti láti fi ìgboyà wo ayé yí ká. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti Báńkì Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ìtọ́jú ọmọ kékeré. Ohun 5 ni wọ́n kà sí kòṣeémáàní: ìlera, oúnjẹ tó péye, ààbò, àyè láti kẹ́kọ̀ọ́, àti olùtọ́jú tí ń dá ọmọ lóhùn. Èyí tí a kà gbẹ̀yìn yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa.

Àwọn ìyá wa mọ ìdánilóhùn yìí kí ìwé tó dé. Pípọn ọmọ, kíki oríkì rẹ̀ nígbà tí a bá ń wẹ̀ ẹ́, gbígbé e jó, dídá a lóhùn bí ó bá ní "àá-gúù", ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn. Ní ọdún 1978, Edward Tronick àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ìdánilóhùn bá dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kí ìyá bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, lẹ́yìn náà kí ó kàn dijú mọ́rí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó má rẹ́rìn-ín, kí ó má sọ̀rọ̀. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín sí i, á nawọ́, á pariwo díẹ̀. Bí ojú ìyá kò bá yí padà, ọmọ á gbé ojú kúrò, ara rẹ̀ á sì rọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn. Ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, láìṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ohun tí ìwádìí sọ

Ní Iléṣà, Abiodun Adewuya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ abiyamọ 876 wò ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, ìdá 14.6 nínú 100 wọn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú. Ìyẹn jẹ́ bí ẹnì kan nínú méje. Iṣẹ́ mìíràn láti ọwọ́ wọn fi hàn pé ọmọ àwọn ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú kò dàgbà tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù 3 àti oṣù 6, àti pé àwọn ìyá náà tètè ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ohun tí ó wà lọ́kàn ìyá ń hàn lórí òṣùwọ̀n ọmọ.

Mary Ainsworth, tí orúkọ rẹ̀ kún inú ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní yàrá ìwádìí Amẹ́ríkà. Abúlé ní Uganda ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1954 sí 1955, láàárín ìdílé 26. Ọ̀kan nínú ohun tí ó rí ni pé ìyá tí ó lè ròyìn ọmọ rẹ̀ dáadáa, tí ó mọ ìgbà tí ó ń sùn, ohun tí ó fẹ́ràn àti ohun tí ń dẹ́rù bà á, ni ọmọ rẹ̀ sábà máa ń fọkàn balẹ̀. Èyí yẹ kí ó wú olùkọ́ lórí, nítorí ìbéèrè lásán lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn.

Ta ni yóò wá ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Dókítà ọpọlọ kò pọ̀ tó. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí EXPONATE ní ilé ìtọ́jú aboyún 29 ní Ìbàdàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe onímọ̀ nípa ọpọlọ ni wọ́n kọ́ láti tọ́jú aboyún 686 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú. Àwọn kan gba ìtọ́jú ráńpẹ́. Àwọn kan gba ìyẹn pẹ̀lú ìjókòó 8, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí bí a ṣe ń yanjú ìṣòro. Nígbà tí ọmọ pé oṣù 6, ìdá 70 nínú 100 àwọn tí ó gba ìtọ́jú kíkún ni ara wọn ti yá. Ti ìtọ́jú ráńpẹ́ jẹ́ 66. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì wọn le gan-an ni ìtọ́jú kíkún ràn lọ́wọ́ jù, àwọn tí ó gbà á sì fún ọmọ ní ọmú nìkan jù. Ṣùgbọ́n ní ti ìdàgbàsókè ọmọ fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjèèjì jọra.

Ní Khayelitsha ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n kọ́ láti máa bẹ àwọn ìyá wò nílé títí ọmọ fi pé oṣù 6, kí wọ́n sì máa fi han ìyá ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fi ojú, ọwọ́ àti ẹkún sọ. Ìyá 449 ni ó kópa. Nínú èsì ọdún 2009, ìdá 74 nínú 100 ọmọ tí a bẹ̀ wò ni ó fọkàn tán ìyá rẹ̀ ní oṣù 18. Láàárín àwọn tí a kò bẹ̀ wò, 63 ni.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní, ẹni tí kì í ṣe dókítà lè ṣe iṣẹ́ yìí bí a bá kọ́ ọ, tí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ sì ń bójú tó o. Èkejì, kì í ṣe ìyá nìkan ni a ó wò, kì í sì í ṣe ọmọ nìkan. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wà.

Ìdílé tuntun ní Zuba

Ẹni tí ó bá wá sí Zuba fún àpérò yìí yóò ti rí ọjà èso, gáréèjì, àti ìkóríta tí ọ̀nà Kaduna àti ti Lokoja ti pàdé. Àwọn Gbagyi ni ó ni ilẹ̀. Hausa, Yorùbá, Igbo àti ẹ̀yà mìíràn ń gbé pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ń gba ilé níbí ni òbí wọn wà lọ́nà jíjìn. Ìyá àgbà lè wá wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Bàbá ọmọ ń jí lọ sí Àbújá, ó ń dé lálẹ́. Yorùbá ní ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, igba ojú ti di méjì, oorun sì ń kun méjèèjì.

Níbẹ̀ ni olùkọ́ ti wọlé. Jẹ́-lé-ó-sinmi ni a ń pe ibi tí a ń gbé ọmọ wẹ́wẹ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ronú sí orúkọ náà. Kò sọ nípa ìwé, kò sọ nípa lẹ́tà. Ilé tí a ti gbé ọmọ wá ni ó ń sọ. Nítorí náà, kì í ṣe àṣejù bí olùkọ́ bá béèrè pé, ṣé ilé ọ̀hún tilẹ̀ ń sinmi?

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ohun 4 ni a dábàá.

Kí ó wò. Ṣé ìyá ń wo ojú ọmọ nígbà tí ó bá ń gbé e sílẹ̀? Ṣé ọmọ tí ó ti lé ní oṣù 3 ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn? Ṣé ẹkún rẹ̀ ṣeé rẹ̀, àbí kì í tilẹ̀ sunkún rárá? Àmì kan kò tó láti dájọ́. Ó lè jẹ́ etí tàbí ibà. Èyí tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 ni kí a kà sí.

Kí ó béèrè. "Mama Tóbi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn bí ọmọ bá sùn? Ta ni ó ń bá yín gbé e?" Irú ìbéèrè yìí kò ní "a dúpẹ́" lẹ́nu. Bí ìyá bá gbọ́ Hausa tàbí Gbagyi jù, kí a wá ẹni tí yóò fi èdè náà bi í, níkọ̀kọ̀.

Kí ó tẹ́tí. Kí ó má sọ pé "Ẹ ṣọkàn gírí" tàbí "Àwọn mìíràn ń wá ọmọ kiri." Ọ̀rọ̀ báyìí ní í pa ìyá lẹ́nu mọ́. Kí ó má sì gbé ohun tí ó gbọ́ dé etí onílé tàbí olùkọ́ mìíràn.

Kí ó fọ̀nà hàn, kí ó sì tún padà béèrè. Agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ni ibùdókọ̀ àkọ́kọ́. Gwagwalada, níbi tí ilé ìwòsàn yunifásítì wà, ni èyí tó ga jù. Bí ìyá bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó ní ọmọ kì í ṣe tòun, tàbí tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ ikú, kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ó dé ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ olùkọ́ kò kọjá báyìí. Kò gbọdọ̀ fún àìsàn lórúkọ, kò sì gbọdọ̀ juwe oògùn.

Àbá fún àwa tí ń kọ́ olùkọ́

Nígbà ìkọ́ṣẹ́, a máa ń lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, a ń ka ohun ìṣeré, a ń yẹ ìwé ètò ẹ̀kọ́ wò, a ń fún wọn ní máàkì. Bóyá ni a ti bi wọ́n rí pé, "Kí ni o mọ̀ nípa ìyá ọmọ yìí?" Ó yẹ kí ìbéèrè náà ní máàkì tirẹ̀.

Ìkejì, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbímọ ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí a máa rán akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ wọ̀nyí, kí wọ́n wo bí ìyá àti ọmọ ṣe ń ṣe, kí nọ́ọ̀sì náà sì mọ̀ wọ́n lójú. Ẹni tí a mọ̀ ni a lè fi ìyá ránṣẹ́ sí.

Ìkẹta, kí ẹ̀ka èdè wa kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá fi ń sọ ìbànújẹ́ jọ ní Gbagyi, Hausa, Yorùbá àti Igbo. Ìbéèrè 10 tí a ṣe ní Edinburgh ní ọdún 1987 ni a fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì yìí kiri ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ni kí ó wà, ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá gbọ́ èdè tí a fi bi í, òfo ni.

Ìkẹrin, kí a má gbàgbé olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ọmọ ọwọ́ mẹ́wàá wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ kò lè dá ẹnìkankan nínú wọn lóhùn. Iye ọmọ fún olùkọ́ kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ.

Ìgúnlẹ̀

Ìwádìí láti Ìbàdàn àti Khayelitsha ti jẹ́ ká mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ kò dìgbà tí dókítà ọpọlọ bá kún gbogbo àdúgbò. Agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì, obìnrin àdúgbò àti olùkọ́ lè di apá kan nínú igba ojú tí ìdílé tuntun ní Zuba kò ní mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, àwọn ìyá yóò tún gbé ọmọ wọn lé akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́wọ́. Kí a ti kọ́ ọ kí ó gba ọmọ náà, kí ó sì wo ojú ẹni tí ó gbé e wá.