"48V" lára dírìlì, ṣé òótọ́ ni? Ohun tó yẹ kí káfíńtà yẹ̀wò kó tó ra ẹ̀rọ síkúrù oníbátìrì

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin káfíńtà kan wá fi híńjì sí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù nílé mi. Kò sí iná ọba, àmọ́ kò bèèrè jẹnẹrétọ̀. Ó yọ ẹ̀rọ síkúrù oníbátìrì tuntun jáde nínú àpò, wọ́n kọ "48V" gàdàgbà sí i lára.

Ilẹ̀kùn kejì ló ń ṣe lọ́wọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ̀rọ náà. Nígbà tó dé orí ìkẹta, ó dákẹ́ pátápátá. Ọwọ́ ló fi yí síkúrù tó kù, ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó parí. Owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló ní òun fi rà á.

Òun nìkan kọ́ ló kó sí i. Láti Èkó dé Kútọnu, Lomé àti Accra, irú ẹ̀rọ báyìí kún ọjà, nọ́ńbà ara wọn sì ń ga sí i: 21V, 36V, 48V, 88V. Kí gan-an ni àwọn nọ́ńbà yìí ń sọ? Èwo ló sì yẹ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ pákó kéékèèké?

Kí ló wà nínú bátìrì náà?

Àwọn bátìrì lithium róbótó kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀ sínú bátìrì tó wà ní ìdí ẹ̀rọ. 3.6V ni wọ́n máa ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná kún, ó lè tó 4.2V.

Tí wọ́n bá to márùn-ún pọ̀, 18V nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan lè pè é ní 20V Max, òmíràn á pè é ní 21V, torí pé 4.2 lọ́nà márùn-ún ni 21. Nǹkan kan náà ni gbogbo wọn. Bákan náà ni 10.8V àti 12V Max: bátìrì mẹ́ta ló wà nínú méjèèjì.

48V gidi máa nílò bíi bátìrì 13. Èyí kò lè wọ ìdí dírìlì kékeré. Tí ẹ bá rí "48V" tàbí "88V" lára ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orúkọ lásán ni wọ́n fi ń tà á.

Ẹ yọ bátìrì náà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ fi V sọ Ah di púpọ̀: 18V àti 2Ah jẹ́ 36Wh. Iye iná tó lè gbà sínú nìyẹn. Bí wọn ò bá kọ Ah síbẹ̀ rárá, ẹ fura.

Ṣé 12V tó fún iṣẹ́ kéékèèké?

Ó tó dáadáa. Fún híńjì, ọwọ́ dúróà àti pákó MDF, 12V tí agbára ìyípo rẹ̀ tó bíi 30Nm máa ṣe é. Kò wúwo ju bíi kílò kan lọ, nítorí náà apá kì í tètè ro yín tí ẹ bá ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù òkè.

Tó bá jẹ́ síkúrù gígùn nínú pákó ìrókò tàbí àpá ni iṣẹ́ yín lójoojúmọ́, ẹ lọ fún 18V. Ẹ sì kọ́kọ́ lu ihò kékeré kí síkúrù tó wọlé.

Ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà ní òrùka onínọ́ńbà lẹ́yìn ẹnu rẹ̀. Òun ló ń dá agbára dúró kí síkúrù má baà ba ihò jẹ́. Lórí MDF, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kékeré.

Impact driver lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn ju 100Nm, àmọ́ wọn kì í sábà ní òrùka yìí. Ó lè la pákó tín-ínrín. Ẹ má sì retí pé kí èyíkéyìí nínú wọn lu ògiri kọnkéré dáadáa fún irin kọ́tìnnì. Dírìlì tó ní hámà ló wà fún ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣájà tòkúnbọ̀

Ṣájà tó wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ 120V nìkan, ti Japan sì lè jẹ́ 100V. Iná tiwa ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana jẹ́ 220V sí 240V. Ẹ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó jó. Ẹ wá "INPUT 100-240V" lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bátìrì méjì ló yẹ iṣẹ́ wa, kí ọ̀kan máa gba iná nígbà tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ta bátìrì náà lọ́tọ̀ ládùúgbò yín, torí bátìrì ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Kò pọn dandan kí ó tán pátápátá kí ẹ tó fi sí iná. Ooru ló ń pa á: ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú ègé pákó àti síkúrù mẹ́wàá dání lọ sọ́jà. Ẹ yí gbogbo wọn wọlé níṣojú ẹni tó ń tà á. Tí ẹnu ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n tàbí tí ìdí rẹ̀ bá ń gbóná janjan, ẹ bá tiyín lọ.

Káfíńtà wa kò rí owó rẹ̀ gbà padà. 12V tó ní bátìrì méjì ló ń lò báyìí, ègé pákó sì wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ rà á.